Ọdún tí Ohùn Ìyá Mi Gba Orí Wáyà

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní tẹlifóònù, ariwo tí mo mọ̀ kò ju ti agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá mi, tìmùtìmù àti àpò ni ó máa ń rán, nítorí náà òòlù rẹ̀ lórí pákó ni ó ń jí wa láàárọ̀. Àwọn ewúrẹ́ a máa ké lẹ́yìn ilé ìdáná, àwọn ọmọ kéú a máa ka wàláà wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì, ohùn ìyá mi a sì ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá mi ni aṣáájú orin nínú ẹgbẹ́ alásàlátù àdúgbò wa. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ kí ẹni tó ti Mẹ́kà dé, wọn kì í kúrò nílé títí òun yóò fi wẹ̀, tí yóò wọṣọ, tí yóò sì jáde sí wọn. Bàbá mi a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìyá mi bá dúró ní ọjà Àkẹ̀sán tó pè mí, àìgbọ́ràn nìkan ni yóò jẹ́ kí n má dáhùn láti ilé. Wíwú kan wà lọ́rùn ìyá mi nígbà náà, àwọn àgbà ń pè é ní gẹ̀gẹ̀. Ìborùn ni ó fi ń bò ó. Èmi ò tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Mo rò pé bí ọrùn ìyá ẹni ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n ní kí n lọ máa gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Wọ́n ní ilé ìwé ibẹ̀ dára ju tiwa lọ. Ní gáréèjì, ìyá mi ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi, ó sì fa etí ẹ̀wù mi tọ́. "Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, nítorí òun nìkan ni ó ń fi oríkì pè mí, Sìdí ni gbogbo ayé tó kù ń pè mí, "bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, tètè dáhùn. Tẹlifóònù wà nílé wọn. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni n ó máa pè ọ́." Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀pà ni ọkàn mi wà lára rẹ̀. Bí mo bá ń rántí ọjọ́ yẹn lónìí, ohun tó ń dùn mí ni pé n kò wo ojú rẹ̀ dáadáa kí ọkọ̀ tó gbéra.

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo ìdílé wa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Ọkọ tó fẹ́ jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, díákónì sì ni, òun náà sì ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó ra bùtà tuntun fún mi láti máa fi ṣe àlùwàlá. Nígbà tí mo bi Bàbá Díákónì bóyá Ọlọ́run yóò gbọ́ mi nínú ilé wọn, ó rẹ́rìn-ín. "Ọlọ́run kì í gba orí wáyà gbọ́rọ̀, ọmọ mi. Kírun rẹ." Wáyà yìí ni iṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ti ń ṣiṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fa ọ̀kan wọ ilé rẹ̀, nígbà tí èèyàn lè la àdúgbò náà já kó má rí òmíràn. Ilé náà dákẹ́ ju tiwa lọ. Igi mángòrò méjì ló bo àgbàlá, bí mángòrò bá sì já lu páànù, gbogbo wa a fò. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín ni a máa ń jẹ kí wọ́n tó lọ sí ìsìn. Bí mo bá ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọn a rán mi ní àlùbọ́sà ní Sábó, níbi tí bàbá arúgbó kan ti máa ń fi ẹyọ kan ṣe èènì fún mi, tí yóò sì kí mi ní èdè Haúsá tí n kò gbọ́.

Inú pálọ̀ ni tẹlifóònù náà wà, lórí tábìlì kékeré kan, pẹ̀lú aṣọ funfun tí Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì wúwo bí òkúta. Àgádágodo tíńtín kan wà nínú ihò tí wọ́n fi ń yí nọ́ńbà. Bí ó bá dún, èèyàn lè gbé e, ṣùgbọ́n bí Bàbá Díákónì kò bá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣí i, kò sí ẹni tó lè fi pe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n gbá pálọ̀, kí n sì nu tẹlifóònù, kí n sì ṣọ́ra kí omi má wọ inú rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tí ọmọ wọn wà ní Èkó tàbí ní Kàdúná ti fún àwọn ọmọ náà ní nọ́ńbà wa. Wọn a wọlé, wọn a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọn a jókòó bí ẹni tó wá rí kábíyèsí. Bí ìpè bá dé, tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ tán, wọn a kí tẹlifóònù pàápàá. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan sọ fún un pé, "O ṣeun o, oò ní kú."

Ọ̀sán Sátidé ni tèmi. Ìyá mi a lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Ọ̀yọ́, a fún òpárétọ̀ ní nọ́ńbà, a jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí wọn yóò fi pè é. Ìgbà mìíràn, ó lè dúró láti ọ̀sán gangan di ìgbà ìrun àsárì, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré tí a máa fi sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti gbé e sétí, mo ní láti tún gbé e jìnnà, nítorí bí ẹni tó ń dá orin ni ìyá mi ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́! Ṣé o jẹun? Kí lo jẹ? Ta ló di irun rẹ?" Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ a pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ sọ fún Ìyá Sìdí pé wáyà ni yóò gbé ọ̀rọ̀ náà o, kó yéé fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e!" Èmi ò ní ju "Bẹ́ẹ̀ ni mà" àti "Rárá mà" lọ. Ojú ń tì mí. Ohùn rẹ̀ nìkan ti kún pálọ̀ náà, kò ku ibi tí tèmi máa dúró sí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ báyìí, Sátidé kan dé tí tẹlifóònù kò dún. Ọ̀kan tún tẹ̀lé e. Mo bi Màmá Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ìyá mi rìnrìn àjò díẹ̀, ó sì yára rán mi lọ fa omi nínú kànga. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé bí àgbà bá dáhùn tó sì tún rán ọmọ níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ohun tó ń bò. Oṣù kan kọjá. Nígbà tó yá, tẹlifóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀sán Sátidé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ gbé e lẹ́ẹ̀kínní, ó ní hẹ́lò, hẹ́lò, ó gbé e kalẹ̀, ó ní wáyà ti bàjẹ́ níbì kan. Ní Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo sáré gbé e. Mo gbọ́ ìró kan tó ń hó bí òjò orí páànù. Mo sì gbọ́ èémí èèyàn nínú rẹ̀, tí ó ń lọ, tí ó ń bọ̀. Inú bí mi. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ retí ìyá mi, òmùgọ̀ kan wá ń fi tẹlifóònù ṣeré. "Bí ẹ kò bá ní ẹnu láti sọ̀rọ̀," ni mo wí, "kí ló dé tí ẹ ń pe èèyàn? Màmá mi ló fẹ́ pè mí, ẹ sì ń dí i lọ́nà!" Mo sì gbé e lu orí tábìlì.

Bàbá Díákónì ń ka ìwé ìròyìn nínú àga rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi. "Sìdí, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

"Wọn ò kúkú sọ̀rọ̀, Bàbá."

"Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ náà ń gbọ́."

Ní ọjọ́ Ajé, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ aṣọ iṣẹ́, kò béèrè oúnjẹ. Ó kọ́kọ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí sí pálọ̀. Ó ní òun béèrè ibi tí ìpè Sátidé yẹn ti wá, wọ́n sì sọ pé láti Ọ̀yọ́ ni. Ó ní òun bá òpárétọ̀ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. "Obìnrin kan ni, ó we ìborùn mọ́ ọrùn. Bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà wa sí ni ó máa ń nà sí wọn. Kì í la ẹnu."

"Ta ni obìnrin náà?"

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ fi etí ìró rẹ̀ bo ojú. Bàbá Díákónì fà mí mọ́ra. "Ìyá rẹ ni." Ó wá ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ ọrùn rẹ̀, pé ìdí gan-an tí wọ́n fi mú mi wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, pé ara rẹ̀ ti ń yá, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣe é kò jìnnà sí iṣan tí ohùn ń gbà jáde. Ohùn náà ti lọ. Dókítà ní ó lè padà, ó sì lè pẹ́. "A kò fẹ́ da ọkàn rẹ rú ni a kò ṣe sọ." Mo wò ó. Mo rántí ohun tí mo sọ nípa ẹni tí kò ní ẹnu. Òun náà rántí, nítorí pé kò lè wo ojú mi.

Mo ní kí wọ́n ṣí àgádágodo kí n pe ìyá mi. Ó ní ta ni a máa pè? Kò sí tẹlifóònù ní agboolé wa. Àyàfi kí Sátidé dé, kí òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lónìí, ọmọ tó bá ṣẹ ìyá rẹ̀ lè tọrọ àforíjì kí omi orí iná tó hó, kó sì rí ojú ìyá náà bí ó ṣe ń dárí jì í. Ọjọ́ márùn-ún ni èmi fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Mo gbé e lọ sílé ìwé, mo gbé e dé ìdí kànga, mo gbé e lọ sí Sábó. Bàbá alálùbọ́sà fún mi ní èènì méjì lọ́jọ́ náà. Ó ní láti jẹ́ pé ó hàn lójú mi.

Nígbà tí tẹlifóònù dún ní Sátidé, èmi ni mo gbé e. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ ló sọ̀rọ̀. "Sìdíkátù ni? Èmi ni òpárétọ̀ níbí ní Ọ̀yọ́. Màmá rẹ dúró níwájú mi, wọ́n ti gbé tiwọn sétí. Èmi náà ń gbọ́ yín. Máa bá wọn sọ̀rọ̀."

"Màmá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìró òjò orí páànù yẹn nìkan ni mo gbọ́. Obìnrin náà tún wọlé. "Wọ́n ń mi orí. Wọn ò bínú."

"N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń nu ojú o, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ó yá, wọ́n ń fọwọ́ kan ikùn. Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Wọ́n ń béèrè bóyá mo ti jẹun."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Láfún ni."

"Wọ́n ní ó dáa."

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èmi tí n kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ ni àti rárá lọ, mo di ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kó ọ̀rọ̀ jọ. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ìwé orin Bàbá Díákónì, mo mọ̀ pé ti Sátidé ni. Bí ìjì bá wó ẹ̀ka mángòrò, mo ń wo ibi tó já sí, kí n lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń sọ̀rọ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi pé, tí òpárétọ̀ yẹn ń dá sí i díẹ̀díẹ̀: "Wọ́n la ẹnu sílẹ̀." "Wọ́n fọwọ́ bo ojú." "Wọ́n ní irọ́ ni, ewúrẹ́ kì í jẹ ìwé." Mo gbọ́ pé ìṣẹ́jú a máa kọjá mẹ́ta nígbà mìíràn, tí obìnrin náà a ṣe bí ẹni tí kò rí agogo. N kò mọ orúkọ rẹ̀ di òní. Nígbà tí wọ́n mú mi padà sí Ọ̀yọ́, wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn.

Ní àsìkò tí mángòrò ń já lọ́sàn-án lóru, mo gbé tẹlifóònù ní Sátidé kan, ohùn kan tí n kò gbọ́ rí sọ̀rọ̀. Ohùn líle ni, ó ń há, bí ẹni tó ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ǹtì. "Àbẹ̀kẹ́."

Mo rò pé ọkùnrin ni. "Ẹ káàsán sà," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún màmá mi ní tẹlifóònù."

Òpárétọ̀ kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn tún rọra wí pé, "Èmi nìyí. Ṣé o jẹun?"

Màmá Ògbómọ̀ṣọ́ gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó gbọ́, ó sì ké pé ohùn ti padà, ohùn ti padà! Bàbá Díákónì bọ́ fìlà, ó dúpẹ́. Àwọn ará ilé kejì wá bá wọn yọ̀. Èmi bọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo jókòó sí ìdí ọlọ, mo sunkún. Gbogbo wọn ń yọ̀ pé ohùn kan dé. Èmi nìkan ni mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé èkejì kò ní í dé mọ́.

Nígbà tí ọdún ìwé parí, bàbá mi wá mú mi. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà agboolé, kò pè mí láti òkèèrè. Ó dúró títí mo fi dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó mi, lẹ́yìn náà ni ó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ohùn tuntun náà kì í rìn jìnnà. Ní ẹgbẹ́ alásàlátù, ẹlòmíràn ni ó ń dá orin. Òun a jókòó sẹ́yìn, a máa pàtẹ́wọ́, ètè rẹ̀ a máa mì. Nígbà tí mo di ọlọ́mọ ni mo tó lè bi í léèrè nípa ọjọ́ tí mo bú u lórí tẹlifóònù. Ó rántí. Ó ní, "Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ le kokooko. Mo ní ha, wọ́n ń tọ́jú ọmọ mi."

Wáyà yẹn kò sí mọ́. Àkọ́kọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí i gé lórí òpó, lẹ́yìn náà ni tẹlifóònù alágbèéká dé, tí ẹnikẹ́ni kò fi bìkítà mọ́ láti tún un ṣe. Bàbá Díákónì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n títí ó fi kú ni ó máa ń gbé tẹlifóònù dúdú náà sétí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá ó tún ti jí. Nígbà tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi íńtánẹ́ẹ̀tì pe ẹnìkan fún un ní òkè òkun, ó bi í pé, "Ibo ló gbà?" Ọmọ náà ní afẹ́fẹ́ ni. "Ta ló wà láàárín?" Ó ní kò séèyàn kankan láàárín. Bàbá wo ojú tó ń rẹ́rìn-ín nínú fóònù náà pẹ́. Ó ní ó dára gan-an. Ó sì dá a padà fún ọmọ náà.

Ìyá mi kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Rúkáyà, àbúrò mi tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo padà sílé, nọ́ọ̀sì ni ní Kánádà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí náà ni a sì ti ń bára wa ṣọ̀fọ̀. Ó ní gbogbo ọ̀rọ̀ tí Màmá gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i ṣì wà nínú fóònù òun, ó sì ń tún wọn gbọ́. Ohùn líle yẹn ni. Òun kò mọ òmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó wò mí láti inú fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ohùn Màmá ṣe rí kí wọ́n tó bí mi?"

N kò mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Mo la ẹnu, mo dá ọ̀kan nínú àwọn orin tó máa ń dá fún àwọn tó ti Mẹ́kà dé, mo gbé e ga bí mo ṣe rántí pé ó máa ń gbé e. Kò pẹ́ tí mo fi dákẹ́.

Rúkáyà ti fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀ mọ́, Rúkà."

Ó gbé fóònù náà sún mọ́ etí. "Ẹ tún un dá," ni ó wí.

Mo tún un dá.